Ẹ Bèèrè, A Dáhùn: Ibà, Òǹgbẹ, Òòyì àti Bí Ara Ṣe Ń Tún Ara Rẹ̀ Ṣe

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ ara lọ́tẹ̀ yìí pọ̀, àmọ́ nígbà tí a kà wọ́n tán, a rí i pé ọ̀nà kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń tọ̀. Òtútù ń mú ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, òòyì ń kọ́ ẹlòmíràn bó ṣe dìde, gbogbo wọn sì ń wá ohun tí yóò dá a dúró. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kà sí àìsàn yìí, àtúnṣe tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ ni. Ìgbà mìíràn ó yẹ ká ràn án lọ́wọ́, ìgbà mìíràn ká fi í sílẹ̀ kó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà mìíràn sì rèé, apá rẹ̀ kò ká a mọ́. Bí a ṣe ń dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ yàtọ̀ ni a fẹ́ dáhùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ibà bá mú mi, ara mi á gbóná janjan, síbẹ̀ òtútù á máa mú mi, eyín mi á máa lu ara wọn. Bí ooru bá ti pọ̀ tó báyìí nínú ara, kí ni òtútù tún ń wá? Ṣé kí n daṣọ bora ni àbí kí n lọ wẹ omi tútù? — Olùkọ́

Ìdáhùn: Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, apá kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní hypothalamus. Òun ló ń yan ìwọ̀n ooru tí ara gbọ́dọ̀ wà. Lọ́jọ́ tí ara dá, ó máa ń wà láàárín nǹkan bíi 36.5 sí 37.5°C. Á lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní ìdájí, á gòkè díẹ̀ nírọ̀lẹ́, nítorí náà ẹni tó bá rí 37.4 lálẹ́ kò tíì ní ibà. Ẹ wo áyọ́ọ̀nù oníná: tó bá gbóná dé ibi tí a yí i sí, á pa ara rẹ̀, tó bá tutù díẹ̀, á tún tanná. Bí hypothalamus ṣe ń ṣe nìyẹn, àfi pé òógùn, awọ àti iṣan ara ló fi ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá a jà máa ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń mú kí ọpọlọ pèsè prostaglandin. Prostaglandin yìí ló ń sún ìwọ̀n tí ọpọlọ yàn sókè. Ká ní ó sún un dé 39°C nígbà tí ara yín ṣì wà ní 37, lójú ọpọlọ, ara ti tutù jù. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbogbo ohun tó máa ń ṣe fún ẹni tí òtútù ń pa: á fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ pọ̀ kí ooru má baà jáde, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tutù, iṣan ara á máa gbọ̀n kí ooru lè pọ̀ sí i. Bí ara bá dé 39, ìgbọ̀n náà á dáwọ́ dúró. Nígbà tí ìwọ̀n náà bá tún padà wálẹ̀, òógùn á bò yín. Àwọn tó ń sọ pé ibà ti ń jáde nígbà tí òógùn bá ń bọ́, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbọ̀n, ẹ fi aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ bora. Ẹ má wẹ omi tútù lásìkò yẹn, nítorí awọ á tún fún pọ̀ sí i, ìgbọ̀n á sì le sí i. Tí ìgbọ̀n bá dá, ẹ ká aṣọ kúrò, ẹ sì máa mu omi, torí pé bí ara ṣe ń gbóná sí i ni omi rẹ̀ ń yára tán. Paracetamol ń dín prostaglandin kù ni, kì í pa kòkòrò. Fún àgbàlagbà, 500 mílígíráàmù sí gíráàmù 1 lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán wákàtí 4 láàárín ìlò kan sí èkejì, kó má sì kọjá gíráàmù 4 láàárín wákàtí 24. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 tí ara rẹ̀ dé 38°C, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ẹnikẹ́ni tí ọrùn rẹ̀ bá le gan-an, tí gìrì mú, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́.

Ìbéèrè: Èmi ni mò ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ ìkọ́lé. Bí òòrùn bá mú ẹnì kan tó ṣubú, ṣé paracetamol lè ràn án lọ́wọ́? — Fọ́máànù

Ìdáhùn: Kò lè ràn án lọ́wọ́ rárá. Nínú ibà, ọpọlọ ló pàṣẹ pé kí ara gbóná. Nínú ooru òòrùn, kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Ooru ló borí ara.

Bí afẹ́fẹ́ àyíká bá ti gbóná tó ara tàbí jù ú lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí ooru lè gbà jáde: kí òógùn gbẹ lára. Lítà òógùn 1 tó bá gbẹ ń kó nǹkan bíi kìlókálórì 580 lọ. Èyí tó bá ń kán sílẹ̀ kò kó nǹkan kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ fi léwu ju ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ lọ, bí òòrùn méjèèjì tilẹ̀ rí bákan náà, ìdí sì nìyẹn tí aṣọ tí afẹ́fẹ́ kì í gbà wọlé fi burú fún iṣẹ́ yín.

Ẹni tó rẹ̀ tẹnutẹnu, tí orí ń fọ́, tí èébì ń gbé, àmọ́ tó ń dáhùn ìbéèrè dáadáa, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ bàtà àti aṣọ tó wúwo, ẹ fún un ní omi tó ní iyọ̀ díẹ̀. Bó bá ti ń sọ kántankàntan, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí gìrì mú un, ọ̀rọ̀ ti yí padà: ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ ti kọjá 40°C. Ẹ má dúró dìgbà tí awọ rẹ̀ bá gbẹ, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára lè wà nínú ewu yìí kí òógùn ṣì máa dà lára rẹ̀. Kí ẹnì kan pe ọkọ̀ aláìsàn, kí àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í tu ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọpọ́n ńlá bá wà, ẹ tẹ́ ẹ sínú omi tútù dé ọrùn, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú. Bí kò bá sí, ẹ máa da omi sí gbogbo ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ kíkankíkan. Ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Títutù ló ṣáájú gbígbé lọ. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi gbé e nínú ọkọ̀ láìtíì tù ú ni ọpọlọ fi ń bàjẹ́.

Ẹni tuntun ló sábà máa ń ṣubú. Ó ń gba ara ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó kọ́ bí a ṣe ń tètè làágùn tí iyọ̀ kò sì ní pọ̀ nínú òógùn náà. Ẹ fún un ní ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ inú ooru lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi ìdá kan kún un lójoojúmọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ́ wa pé ṣúgà ni ọpọlọ ń jẹ. Bí mo bá sùn fún wákàtí 8 láìfi nǹkan kan sẹ́nu, kí ló dé tí ọpọlọ mi kì í kú? — Akẹ́kọ̀ọ́

Ìdáhùn: Ìbéèrè rẹ dára, ó tiẹ̀ lágbára ju bí o ṣe rò lọ. Gbogbo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bíi gíráàmù 5 lọ, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Ọpọlọ nìkan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 120 lójúmọ́, tí í ṣe gíráàmù 5 ní wákàtí kan. Bí kò bá sẹ́ni tó ń fi kún un, kí o tó sùn dé ìdajì òru, ó ti tán.

Ẹ̀dọ̀ ló ń fi kún un. Lẹ́yìn oúnjẹ, pánkíríásì tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù á tú ínsúlíìnì sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sì kó ṣúgà tó ṣẹ́ kù pamọ́, nǹkan bíi gíráàmù 100. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀ lóru, pánkíríásì kan náà á tú glucagon sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sì máa tú èyí tó kó pamọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Bí èyíinì náà bá fẹ́ tán, ẹ̀dọ̀ á máa fi èròjà inú ẹran ara ṣe ṣúgà tuntun. Bí àìjẹun bá gùn dé ọjọ́ mélòó kan, á máa sọ ọ̀rá di èròjà ketone, ọpọlọ á sì máa jẹ ìyẹn náà. Nítorí náà, “ṣúgà nìkan” tí wọ́n kọ́ yín, ó ku díẹ̀ káàtó.

Àbájáde gbogbo ìyẹn ni pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí kò tíì jẹun láàárọ̀, máa ń wà láàárín 70 sí 99 mílígíráàmù nínú desilítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bó bá dé 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyẹ̀wò kejì sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Bó bá kọjá nǹkan bíi 180, kíndìnrín kò ní lè dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ṣúgà á bọ́ sínú ìtọ̀, á sì fa omi dání. Ohun tó ń mú kí alátọ̀gbẹ máa tọ̀ léraléra, kí òǹgbẹ sì máa gbẹ ẹ́ tọ̀sán-tòru nìyẹn.

Fún ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì nínú ilé yín: bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ẹ wọn ṣúgà rẹ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀ 70, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 3 sí 4 sínú omi kó mu ún, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún fún un. Lẹ́yìn náà kó jẹun. Ṣokoléètì kò dára fún èyí, ọ̀rá inú rẹ̀ ń mú kí ṣúgà falẹ̀. Ẹni tó ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wá dókítà.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa mu omi lítà 5 lójúmọ́ kí gbogbo ìdọ̀tí inú ara lè jáde. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyáwó ilé

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín fẹ́ràn yín, àmọ́ kò rò ó dáadáa. Kíndìnrín ń sẹ́ nǹkan bíi lítà 180 lójúmọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dá èyí tó ju ìdá 99 nínú 100 padà. Ìtọ̀ tí kò ju ìdajì lítà lọ lè gbé ìdọ̀tí ọjọ́ kan jáde. Omi tó bá lé, omi náà ló ń bá jáde.

Bí omi ara bá dín kù débi pé ẹ̀jẹ̀ ki sí i pẹ̀lú ìdá 1 sí 2 péré nínú 100, ọpọlọ á ti mọ̀. Á tú họ́mọ̀nù kan sílẹ̀ tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó di omi mú, ìtọ̀ á kéré, á sì pọ́n. Òǹgbẹ á tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá mumi, họ́mọ̀nù náà á lọ sílẹ̀, ìtọ̀ á mọ́. Àmọ́ kíndìnrín kò lè lé omi jáde ju nǹkan bíi lítà 1 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, sódíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn èròjà tó wà nínú iyọ̀, tó yẹ kó wà láàárín 135 sí 145 mílímólù nínú lítà kan, á máa ṣàn sí i, omi á sì máa wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ibòmíràn lára lè wú kó má sí wàhálà, ṣùgbọ́n egungun orí kò fún ọpọlọ láyè láti wú. Orí fífọ́, èébì, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, gìrì ló máa ń tẹ̀ lé e. Ó ti pa àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn tó jẹ́ pé omi àmujù ni wọ́n mu.

Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ mumi. Bí ìtọ̀ bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó tó. Àgbàlagbà kò lè gbára lé òǹgbẹ nìkan, torí ó máa ń falẹ̀ lára wọn. Kí wọ́n ní àkókò tí wọ́n ń mumi. Ẹni tó ti ní òkúta inú kíndìnrín rí ní láti mu jù báyìí lọ, ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn sì lè ní láti mu kéré. Dókítà ni yóò sọ iye rẹ̀ fún wọn.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọlọ́dún kan ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Màmá mi ní kí n má fún un lómi, pé omi ló ń mú ìgbẹ́ pọ̀. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń sọ, báwo ni wọ́n ṣe ń pò ó? Kí sì ni ṣúgà ń wá nínú rẹ̀? — Ìyá ọmọ

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ fi sùúrù sọ fún Màmá pé omi tó ń jáde lára ọmọ ló léwu jùlọ, kí a dá a padà ló kù.

Lára ògiri ìfun, ọ̀nà kan wà tí sódíọ̀mù àti ṣúgà gbọ́dọ̀ jùmọ̀ gbà wọlé. Bí àwọn méjèèjì bá kọjá, omi á tẹ̀ lé wọn. Ìgbẹ́ gbuuru kì í sábà ba ọ̀nà yìí jẹ́. Iyọ̀ nìkan kò lè kọjá níbẹ̀ láìsí ṣúgà. Bí ṣúgà bá sì pọ̀ jù, á fa omi láti inú ara sínú ìfun, ìgbẹ́ á sì pọ̀ sí i. Bí iyọ̀ ló bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ọpọlọ ọmọ ní jàǹbá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀.

Èyí tí wọ́n ti dì sínú àpò ló dára jù. Ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó pò ó, torí àpò kan wà fún lítà 1, òmíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i: omi tó mọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má ṣe ga bí òkìtì. Ẹ tọ́ ọ wò: bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ tún òmíràn pò. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ da èyí tó kù nù.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ife àti ṣíbí. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ẹ má dá ọmú dúró. Ẹ fi zinc mílígíráàmù 20 kún un lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ rọra fi ìka méjì mú awọ ikùn rẹ̀ sókè, kí ẹ tú u sílẹ̀: bó bá gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ kó tó padà, tàbí tí ojú rẹ̀ jìn, tí kò lè mu nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ máa fún un mu lọ́nà, bó bá ṣì lè gbé e mì.

Ìbéèrè: Èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa ń díje nípa ẹni tó máa pẹ́ jù lábẹ́ omi. Ó ní kí n kọ́kọ́ mí kíákíá nígbà 20. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́! Kí ló fà á? — Òmùwẹ̀

Ìdáhùn: Má ṣe é mọ́. Ohun tó ń mú kéèyàn fẹ́ mí kì í sábà jẹ́ àìtó ọ́síjìn. Káábọ́nù dàyọ́sáídì tó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Gáàsì yìí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di ásíìdì, ọpọlọ kò sì fẹ́ kí pH ẹ̀jẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, kúrò láàárín 7.35 sí 7.45. Bí o bá mí kíákíá, o ti lé gáàsì náà dànù, ṣùgbọ́n ọ́síjìn rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ ti kún fún un tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ omi, ọ́síjìn á máa tán, ìkìlọ̀ kò ní dé, wàá kàn dákú ni. Ẹni tó bá sì dákú sínú omi á fa omi símú.

Mímí kíákíá yìí náà ló ń mú kí ìka àti ètè ṣe wọ́nríwọ́nrí, kí òòyì sì kọ́ ẹni tí ẹ̀rù bà gan-an. Kó máa fi ìṣẹ́jú àáyá 4 fà á sínú, kó fi 6 tú u jáde. Ẹ má fi àpò bo imú rẹ̀, torí ó lè jẹ́ ikọ́ fée (asthma) tàbí àìsàn ọkàn ló fà á. Bó bá sì jẹ́ alátọ̀gbẹ ló ń mí fíìfíì, tó jinlẹ̀, tí èébì ń gbé e, ẹ má sọ fún un pé kó rọra mí: ásíìdì ni ara rẹ̀ ń lé jáde, ilé ìwòsàn ló kù.

Ìbéèrè: Ṣé nǹkan kan wà nínú ara tí kì í wá ìdọ́gba rárá? — Òǹkàwé

Ìdáhùn: Ó wà. Nígbà ìrọbí, orí ọmọ ń tẹ ẹnu ilé ọmọ, ìyẹn ń mú kí ọpọlọ tú oxytocin sílẹ̀, oxytocin ń mú kí ilé ọmọ fún pọ̀, orí ọmọ á tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Ńṣe ni á máa le sí i títí ọmọ á fi wálẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì lójú ọgbẹ́ náà nìyẹn. Ohun tó ní òpin gidi ni ara máa ń gbà láàyè kó máa pọ̀ báyìí.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 68 ni mí. Bí mo bá dìde lórí ibùsùn, ojú mi á ṣókùnkùn, òòyì á kọ́ mi. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. — Bàbá àgbà

Ìdáhùn: Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá. Bí èèyàn bá dìde, ẹ̀jẹ̀ tó ju ìdajì lítà lọ máa ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Àwọn ohun tó ń mọ ìfúnpá lára, tó wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn àti èyí tó tinú ọkàn jáde, máa ń sọ fún ọpọlọ lójú ẹsẹ̀, ọkàn á yára, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀. Ọjọ́ orí ń mú èyí falẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tó ń mú ni tọ̀, àwọn oògùn kan fún ẹṣẹ́ pirositéètì, àti àìtó omi lára náà ń dá kún un.

Kí wọ́n bá yín wọ̀n ọ́n: ẹ dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n wọn ìfúnpá yín, kí ẹ dìde, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú 3. Bí nọ́ńbà tòkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tìsàlẹ̀ fi 10, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Láàárọ̀, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn fún ìṣẹ́jú 1 sí 2, ẹ máa gbé ọrùn ẹsẹ̀ sókè-sódò, ẹ fún itan pọ̀, kí ẹ tó di nǹkan mú dìde. Bí ẹ bá fẹ́ tọ̀ lóru, ẹ jókòó tọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín. Ó lè jẹ́ pé àkókò tí ẹ ń lò ó tàbí iye rẹ̀ nìkan ni dókítà máa yí padà.